Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Táyà

Ìdáàṣà ni títì ńlá tó ti Kútọnu wá ti pín sí méjì. Ọ̀kan kọjú sí Parakou, ó ń lọ títí dé Malanville létí odò Ọya. Èkejì ya sọ́wọ́ òsì, ó la Savalou kọjá, ó dé Bantè, ó gba Pira lọ sí Bassila àti Djougou. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn onítakisí Màhí àti Ìṣà ń ná lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn ti rìn fún ọdún gbọọrọ ní Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Èrò á kún inú ọkọ̀, àpò gaàrí á wà nínú bùútù, iṣu á wà lórí.

Ẹ dúró létí ọ̀nà yìí, níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, kí ẹ wo òkìtì táyà tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi èyí tó bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó kù ni kí ẹ wò. Púpọ̀ nínú wọn kò gbó tán. Apá kan ojú táyà ṣì ní ìlà tí èékánná lè wọ̀, apá kejì ti pá kodoro, wáyà irin sì ti yọjú níbẹ̀. Táyà yìí kò dàgbà kú. Ọkọ̀ tó gbé e ló pa á.

Awakọ̀ á ní ọkọ̀ òun ń jẹ táyà, òótọ́ ló sì sọ. Ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn náà ni mo ní ẹjọ́ sí. Á ra táyà àlòkù mìíràn, á fi í síbi tí èkíní kú sí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí á fi tún padà sídìí òkìtì yẹn. Owó táyà méjì ló san, kò sì tíì ra ìwòsàn kankan.

Etí inú táyà ló sábà máa ń jẹ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò lè rí i. Etí òde ló ń rí. Ìlà rẹ̀ ṣì jìn, ọkàn onínǹkan á balẹ̀. Ẹ yí volant, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sítíárìn, débi tó bá lè yí dé. Táyà iwájú á yọ síta lábẹ́ ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ojú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì gba àkókò tó ti ìgbà tí èrò fi ń sọ ẹrù kalẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí awakọ̀ tó ń ṣe é láìjẹ́ pé nǹkan ti bẹ́.

Ohun tí ẹ bá rí ní ìtumọ̀. Bí etí méjèèjì bá pá tí àárín sì ṣì ní ìlà, afẹ́fẹ́ ló kéré. Bí àárín bá pá tí etí méjèèjì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín 2 sí 2.5 bar, ìyẹn nǹkan bí 29 sí 36 psi lẹ́nu àwọn ará Nàìjíríà. Bí ojú táyà bá ní kòtò kéékèèké káàkiri, ibì kan ga, ibì kan jìn, amortisseur ni kí ẹ fura sí, ìyẹn ọ̀pá olóróró tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè fò sódò lẹ́yìn gbogbo kòtò.

Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló jẹ, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Ojú nìkan kò tó mọ́, ẹ fi ọwọ́ pa á. Ẹ rọra fa àtẹ́lẹwọ́ láti etí òde lọ sí etí inú, kí ẹ tún fà á padà, ẹ kàn ṣọ́ra fún wáyà. Bó bá ń yọ̀ ní àlọ tó sì ń ha ọwọ́ ní àbọ̀, bí ẹni pé ìlà kọ̀ọ̀kan mú lápá kan, a jẹ́ pé táyà náà kò kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Bó bá dán ní àlọ àti àbọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ tì, orí rẹ̀ tẹ̀ sínú tàbí síta. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká mú èkíní. Ká ní a lè dúró lókè ká máa wo táyà iwájú méjèèjì nísàlẹ̀. Imú wọn lè sún mọ́ra díẹ̀, ó lè jìnnà síra díẹ̀, ó sì lè ṣe déédéé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífẹ̀ iwájú wọn àti fífẹ̀ ẹ̀yìn wọn ni àwọn mẹkáníìkì Benin ń tò nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń ṣe parallélisme, òun náà sì ni olórí iṣẹ́ tí ń lọ ní ìsọ̀ aláínmẹ́ǹtì ní Ìbàdàn àti Èkó. Mílímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu gba inú gegele àti kòtò kò ní gbà pé mílímítà mẹ́ta lè pa táyà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré fẹ̀ tó nǹkan bí 600 mílímítà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ká ní imú àwọn méjèèjì fi 3 mílímítà sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà kọ̀ọ̀kan gba ìdajì àṣìṣe náà, 1.5 mílímítà nínú 600. Èyí já sí pé nínú gbogbo 1,000 mítà tí ọkọ̀ bá rìn, táyà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2.5 mítà. Kò sì lè yà, nítorí ẹnì kejì rẹ̀ ń yà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń lọ tààrà láàárín wọn. Wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ lórí ọ̀dà. Nínú 100 kìlómítà, a ti wọ́ ọ ní 250 mítà. Nínú 10,000 kìlómítà, tí takisí kan kì í pẹ́ rìn, ó ti di 25 kìlómítà, ó ti ju ìdajì ọ̀nà láti Ìdáàṣà dé Savalou lọ, tí táyà fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ tòun ti ẹrù ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn obìnrin Savalou tó ń ṣe gaàrí sohoui, tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá Kútọnu, kò nílò ìṣirò yìí. Ẹ̀gẹ́ tí a gbé lé orí irin tí a fi ń rin ín lè wà níbẹ̀ títí di alẹ́, bó ti wù kó wúwo tó, kò ní di nǹkan kan. Àfi tí a bá wọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà tó ń yí lọ tààrà lórí títì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Èyí tí wọ́n ń wọ́ ni ilẹ̀ ń rin.

Bí imú méjèèjì bá sún mọ́ra jù, etí òde ló ń jẹ. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, etí inú ni. Ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, pátákó irin kan máa ń wà tí ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Táyà tí kò tọ́ á ti pátákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ á sì sọ iye mítà tó ń yà nínú kìlómítà kan, ìṣirò kan náà tí a ṣe tán yìí.

Wọ́n lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò kàn tò ó sí òdo kó parí. Ìdí ni pé ibi tí táyà wà nígbà tí ọkọ̀ dúró kọ́ ni yóò wà nígbà tó bá ń sáré. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń fi táyà ẹ̀yìn tì, bíi Peugeot 504 tó jọba lójú ọ̀nà wa títí, ilẹ̀ ń ti táyà iwájú sẹ́yìn, rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ sì ń gbà fún un díẹ̀, imú á yà síta. Nítorí náà wọ́n á tò ó kí imú sún mọ́ra díẹ̀, kó lè wá ṣe déédéé lórí eré. Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, bí ọ̀pọ̀ Toyota àti Nissan tó gbòde báyìí, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń tò ó sítòsí òdo. Mẹkáníìkì tó bá ń to gbogbo ọkọ̀ sí ìwọ̀n kan náà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun lórí 504, táyà ló fi ń tọrẹ.

Ti èkejì, fífẹ̀gbẹ́tì, ẹ dúró níwájú ọkọ̀ kí ẹ wò ó láti ọ̀ọ́kán. Orí táyà lè tẹ̀ sínú ju ìdí rẹ̀ lọ, ó sì lè tẹ̀ síta. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń fún un ní títẹ̀ díẹ̀, tí kò sábà ju ìwọ̀n dígíríì kan lọ. Bó bá pọ̀ jù, etí kan ló ń gbé ẹrù púpọ̀ jù, etí náà ló ń jẹ, ó sì ń dán nítorí pé ìwọ́ra ẹ̀gbẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni owó àwọn ènìyàn ti ń ṣòfò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń wọlé, kò sí nọ́ọ̀tì kankan níwájú tí a lè fi tún fífẹ̀gbẹ́tì ṣe. Imú táyà nìkan ni wọ́n ṣe àtòsí fún. Nítorí náà bí táyà bá fẹ̀gbẹ́ tì jù, ohun kan ti tẹ̀ tàbí ohun kan ti gbó ni: triangle, ìyẹn apá irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú nísàlẹ̀, tàbí silentbloc, rọ́bà tó wà ní ìdí apá náà, tàbí rotule, orí irin róbótó tó ń yí nínú ihò rẹ̀, tàbí ọ̀pá amortisseur fúnra rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè to imú táyà títí kí irin tó tẹ̀ tọ́. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbowó parallélisme lọ́wọ́ ẹni tí silentbloc rẹ̀ ti fà ya, táyà tuntun sì ń kú.

Igun kẹta wà, èyí tó ń jẹ́ kí volant padà sí àárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Tí ti ọ̀tún àti ti òsì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í sábà jẹ táyà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọkọ̀ kì í sì í lọ tààrà nígbà gbogbo. Ní kọ́nà, táyà tó wà ní inú kọ́nà ń rin òbíríkítí tó kéré ju ti ẹnì kejì rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ yí jù ú lọ. Bí wọ́n bá yí bákan náà, ọ̀kan nínú wọn á máa wọ́. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá ìṣòro yìí pàdé. Erasmus Darwin, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ bàbá àgbà Charles Darwin, máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀ lórí ọ̀nà tí kò dára, ó sì ti ronú ọ̀nà àbáyọ ní nǹkan bí 1759. Georg Lankensperger, tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Munich, tún ṣe é tirẹ̀ ní nǹkan bí 1816, aṣojú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Rudolph Ackermann, sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1818. Orúkọ aṣojú ló kù lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ títí dòní, ẹni tó ṣiṣẹ́ kò gba ìyìn. Ọgbọ́n náà wà nínú apá irin kékeré tó so mọ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan: wọn kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì dúró gbọọrọ, ńṣe ni wọ́n kọjú sí àárín ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ nínú kòtò, ọkọ̀ lè tọ́ lójú títì gbọọrọ kó sì máa jẹ táyà ní gbogbo kọ́nà.

Kí ló ń tú ohun tí wọ́n tò ká? Ojú ọ̀nà ni, àti ẹrù. Títì ọlọ́dà ní etí, níbi tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa lọ, tí ọ̀dà fi ga ju ilẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó yà fún ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Bassila á já bọ́ sílẹ̀, á tún gùn ún padà pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ táyà, gbogbo agbára yẹn á sì lọ sínú ọ̀pá tí ń yí táyà. Ọ̀nà oko wà pẹ̀lú, àti ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó ya lára títì lọ sí àwọn abúlé, tí ọkọ̀ ń gbà kó kajú àti iṣu.

Àwọn ọ̀nà ilẹ̀ pupa yìí máa ń di onígbì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lẹ́yìn òjò tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, èyí tí ń gbọn eyín lẹ́nu èrò. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn tó la ọ̀nà ni kò ṣe é dáadáa. Ní 2007, Nicolas Taberlet, Stephen Morris àti Jim McElwaine fi táyà kékeré kan sórí yanrìn tó ń yí lórí tábìlì olóbìírípo, wọ́n sì rí i pé bí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra rẹ̀, bí ojú yanrìn ìbá tiẹ̀ tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀, bí táyà náà kò bá tiẹ̀ ní sípíríǹgì. Eré ọkọ̀ ló ń gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀nà náà sì ń gbẹ̀san lára amortisseur àti rotule. Katakátá tí ń tẹ́ ọ̀nà wá lónìí, tí eré bá ṣì wà bó ṣe wà, ìgbì á padà.

Ẹrù ńkọ́? Ọkọ̀ tí bùútù rẹ̀ kún á tẹ ìdí mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè. Bí imú ọkọ̀ ti gbé sókè tàbí wálẹ̀ ni igun táyà iwájú ń yí díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀pá tí ń yí táyà àti triangle kò gùn dọ́gba, ipa tí wọ́n sì ń tọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọkọ̀ tí wọ́n tò lófìfo tó wá ń gbé ẹrù láràárọ̀ kì í rìn lórí ohun tí wọ́n tò. Ìmọ̀ràn tèmi fún onítakisí ni pé kó di àpò mélòó kan sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́. Mẹkáníìkì lè rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kan fúnra wọn ń sọ ìwọ̀n ẹrù tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kí a tó wọn igun rẹ̀.

Ní Kútọnu, ẹ̀rọ oníkámẹ́rà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á so àwo mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀ǹpútà á sì kọ gbogbo igun jáde. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa ti Bantè lọ Kútọnu torí táyà kan, kò sì pọn dandan. Okùn àti téèpù lè ṣe ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fara balẹ̀. Iṣẹ́ náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí:

“Ọ̀gá, ẹ bá mi tò ó. Táyà tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.”

“Ẹ kú ọjà o, bàbá. Èyí tí ẹ yọ ńkọ́?”

“Mo ti fi í sílẹ̀ ní Savalou.”

“Háà! Ẹlẹ́rìí wa lẹ fi sílẹ̀ yẹn.”

Mẹkáníìkì tó bá béèrè táyà àtijọ́ kó tó mú sípánà, ẹ fọkàn tán an. Yóò kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba iye tó yẹ. Yóò fi jáàkì gbé iwájú sókè, yóò gbé nǹkan líle sábẹ́ ọkọ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú lápá ọ̀tún àti òsì, yóò mì í. Bó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, rotule ọ̀pá tí ń yí táyà ló ti jẹ. Yóò dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, yóò tún mì í, bó bá mì níbẹ̀, roulement, ìyẹn béárìn táyà, tàbí rotule ìsàlẹ̀ ni. Yóò fi irin gbé ìdí triangle díẹ̀ kó lè rí bóyá rọ́bà rẹ̀ ti ya. Bí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí bá ti gbó, iṣẹ́ títò dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Táyà tí rotule rẹ̀ ń mì kò ní ibi tí a lè tò ó sí, nítorí pé yóò ti kúrò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Pira.

Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kò tíì ní wọ̀n ọ́ o. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí jáàkì wálẹ̀ máa ń ga lẹ́sẹ̀, nítorí pé táyà kò lè yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀. Wọ́n á tì í síwájú ní mítà mélòó kan, wọ́n á tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra kó fìdí kalẹ̀. Volant á wà ní àárín gan-an, wọ́n á fi okùn so ó kó má yí.

Okùn tín-ín-rín ni yóò wá ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ní ìwọ̀n àárín gbùngbùn táyà, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ibí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ń fi okùn kan táyà ẹ̀yìn kí wọ́n tó nà án síwájú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni fífẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú wọn kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra bákan náà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n sì jìnnà dọ́gba sí àárín táyà ẹ̀yìn ti ọ̀tún àti ti òsì. Nígbà náà ni yóò wọn ibi tí okùn jìnnà dé sí etí irin táyà, níwájú àti lẹ́yìn. Irin ni, kì í ṣe rọ́bà, nítorí rọ́bà ní lẹ́tà tó wú lára. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ló ń sọ ibi tí imú kọjú sí. Okùn kan náà á tú àṣírí táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn bá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá nítorí ìjàǹbá tí ọkọ̀ náà ti ní kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, iwájú lè tọ́ pátápátá kí ọkọ̀ sì máa rìn fẹ̀gbẹ́fẹ̀gbẹ́.

Láti tún un ṣe, yóò tú nọ́ọ̀tì tó di ọ̀pá tí ń yí táyà mú, yóò sì yí ọ̀pá náà, ti ọ̀tún àti ti òsì ní iye kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ volant á wọ́. Ìwọ̀nba ló yẹ kó yí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ìlọ́ ọ̀pá náà ń lọ ní nǹkan bí 1.5 mílímítà fún yíyí kan, apá irin tó ń tì kò sì gùn ju nǹkan bí 120 mílímítà lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́rin yíyí kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 mílímítà létí táyà. Ẹni tó yí i ní odidi kan ti kọjá 7 mílímítà, ó ti ba ohun tó wá tún ṣe jẹ́. Lẹ́yìn gbogbo yíyí, wọ́n tún gbọ́dọ̀ ti ọkọ̀ síwájú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́ padà. Sùúrù yìí ni àwọn tó ń kánjú kì í ní, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sọ́tùn-ún lẹ́yìn títò, kí ẹ tó padà lọ bínú sí mẹkáníìkì, ẹ rántí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí àárín títì ga kí omi òjò lè ṣàn kúrò. Ọwọ́ ọ̀tún là ń wà ní Benin, nítorí náà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń darí ọkọ̀ lọ sétí ọ̀nà. Ibi gbalasa tó tẹ́jú ni kí ẹ ti dán an wò. Bó bá ṣì ń fà, ẹ gbé táyà iwájú ọ̀tún sí òsì, kí ẹ gbé ti òsì sọ́tùn-ún, bí táyà náà kò bá ní ọfà tó ń tọ́ka ibi tó gbọ́dọ̀ yí sí. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sí òdìkejì, táyà ló lẹ̀bi.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀dọ̀ táyà àlòkù. Lára rẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ọ̀pọ̀ ń wo ìlà nìkan, wọn kì í ka nọ́ńbà yìí. Táyà tó ti dàgbà lè ní ìlà dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti le, kó ti sán wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ìlà fúnra rẹ̀, rọ́bà kékeré kan wà tó ga díẹ̀. Bí ojú táyà bá jẹ débi tó fi dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ó ku 1.6 mílímítà nìyẹn, òfin Yúróòpù kò sì gbà kí ọkọ̀ kékeré rìn lórí ohun tó kéré sí i. Nítorí èyí ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń yọ púpọ̀ nínú ohun tí à ń rà. Táyà àlòkù tí etí rẹ̀ kan ti jẹ tẹ́lẹ̀, àìsàn ọkọ̀ ẹlòmíràn lẹ ń fowó rà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ ti ọkọ̀ yín.

Àwọn awakọ̀ ní ọgbọ́n kan: bí etí inú bá ti ń pá, wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ táyà kúrò lára irin, kí wọ́n yí i padà, kí etí inú di etí òde. Kò burú bí wáyà kò bá tíì yọ, tí kò sì sí ọfà tàbí ọ̀rọ̀ OUTSIDE lára táyà. Ó máa ń jẹ́ kí ó pẹ́ sí i. Kìkì pé etí kejì náà á wá jẹ bákan náà, àfi bí wọ́n bá ti tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá to ọkọ̀ tán, ẹ wọn jíjìn ìlà táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ní etí inú, ní àárín àti ní etí òde, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀. Tí ẹ bá ti rìn tó 2,000 kìlómítà, ẹ tún un wọ̀n. Bí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń dín kù bákan náà, ẹ máa lọ. Bí etí inú bá ti sáré ju ti òde lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kó tún mi rotule wò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.